Ilé Ni Wọ́n Fọ́: Ìtàn Àwọn Onígbàgbọ́ Abẹ́òkúta, láti 1849 dé Èbúté Mẹ́ta

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí iṣẹ́ bá ń dí lọ́wọ́, kó fi í sílẹ̀ di alẹ́.

Láti ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2011 ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, ẹ rántí. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni bọ́ǹbù dún ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Theresa ní Madalla, lẹ́bàá Suleja. Ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tó kú. Kubwa ni mo ń gbé nígbà yẹn, mo ń ta ọjà mi ní Wuse. Ìròyìn náà kàn wá nílé kí a tó jókòó ti oúnjẹ. Ìrẹsì Kérésì ọdún yẹn, kò sí ẹni tó jẹ tiẹ̀ tán nínú ilé mi.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e bọ́ sí ọjọ́ kìíní ọdún 2012. Ìyàwó mi ní ká má lọ. Èmi náà kò fẹ́ lọ, kí n má purọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú ò jẹ́ kí n sọ ọ́. A lọ. Wọ́n ti to àgbá tí wọ́n rọ iyẹ̀pẹ̀ kún sẹ́nu géètì, wọ́n ń tú báàgì àwọn obìnrin wò, wọn ò jẹ́ kí mọ́tò kankan wọlé. Mo rò pé inú ṣọ́ọ̀ṣì á ṣófo. Kò ṣófo o. Ìjókòó kún, àwọn kan dúró. Nígbà tó di àkókò ìdúpẹ́, ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú mi jó títí gèlè rẹ̀ fi tú, ó mú un lọ́wọ́, ó ń jó lọ. Mo ń wò ó, mo ń sọ nínú mi pé, ṣé ìyá yìí ò gbọ́ ìròyìn ni? Ó gbọ́. Lẹ́yìn ìsìn, òun ló ń sọ fún wa pé ẹni tí òun mọ̀ wà ní Madalla lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé níbo ni irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ní July 2016, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Kubwa níbí, obìnrin kan jáde lọ wàásù ní ìdájí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, wọ́n pa á, kò padà wálé mọ́. Mo bi ara mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò kàwé ju sẹ́kọ́ńdírì lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìtàn, mo sì máa ń ka ìwé ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ọjà bá dákẹ́. Inú ìtàn tiwa gan-an ni mo ti rí ohun tó jọ ìdáhùn, kì í ṣe ìlú òyìnbó.

Ẹ̀yin ará wa Mùsùlùmí tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ má rò pé ìjà ni mo gbé wá o. Bọ́ǹbù tó dún ní gáréèjì Nyanya ní April 2014 kò béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sí Mùsùlùmí nínú ìjà rẹ̀ rárá. Ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá ló ń na ara wọn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀sìn Kristi dé Abẹ́òkúta. Rárá o, àwọn Sàró ni. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, wọ́n kó wọn lẹ́rú, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní Freetown. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kàwé, tí wọ́n ti ṣèrìbọmi, tí wọ́n ti kọ́ òwò. Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn kan nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ padà sílé. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ ní Àgbádárìgì, àwọn tó jẹ́ Ẹ̀gbá á sì gba Abẹ́òkúta lọ wá ẹbí wọn. Wọ́n ru ọjà wá, wọ́n ru Bíbélì wá pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wọn, James Ferguson, ló kọ lẹ́tà láti Àgbádárìgì ní 1841 pé kí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì rán oníwàásù sí àwọn. Lẹ́tà yẹn wà lára ohun tó mú Thomas Birch Freeman dé Àgbádárìgì ní September 1842, tó fi dé Abẹ́òkúta ní December ọdún náà. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 4 January 1843, Henry Townsend ti C.M.S. dé. Ṣódẹkẹ́ tó jẹ́ olórí wọn nígbà náà gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀.

Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ ò tíì ju ìlú ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá lọ nígbà yẹn. Ogun ló lé wọn dé abẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí 1830. Ará ìlú tó pọ̀ ló kóra jọ síbẹ̀, kálukú pẹ̀lú Ògbóni tirẹ̀, kálukú pẹ̀lú orúkọ ìlú rẹ̀ àtijọ́. Ó jọ Abuja wa yìí díẹ̀, àbí? Kò sẹ́ni tí kò ti ibòmíràn wá. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn náà nìyí: àwọn tó ti sá ogun rí ni wọ́n tún padà lé àwọn ẹlòmíràn.

Ní 1846, Townsend padà wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá Samuel Àjàyí Crowther wọ Abẹ́òkúta ní August. Ẹ mọ Crowther. Òṣogùn ni wọ́n ti kó o lẹ́rú ní 1821, tòun ti ìyá rẹ̀. Wọ́n pín wọn níyà. Àjàyí dé Freetown, ó di àlùfáà, ó bímọ. Kò mọ̀ bóyá ìyá òun wà láyé. Kò tíì pé oṣù kan tó dé Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ 21 August 1846, wọ́n mú ìyá náà wá bá a. Àfàlá ni orúkọ rẹ̀. Ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n! Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ò lè sọ̀rọ̀, pé ìyá náà ń gbọ̀n. Ní February 1848, Àfàlá ṣèrìbọmi, wọ́n pè é ní Hannah, ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó ṣèrìbọmi l'Abẹ́òkúta. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró sórí èyí ni. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ayọ̀ àwọn Onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ wọ̀nyí, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Àwọn tó ti sọ ẹbí nù ni, tí wọ́n tún padà rí wọn. Ẹni tó bá ti rí irú ìyẹn, ẹ máa fi pàṣán dẹ́rù bà á, ó máa ń pẹ́ kí ẹ̀rù tó bà á.

Ọdún kan péré lẹ́yìn ìrìbọmi yẹn ni nǹkan yí padà. Ní 1849, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fìyà jẹ àwọn tó gbàgbọ́. Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká ṣe òótọ́, ìdí pọ̀, gbogbo rẹ̀ kọ́ sì ni ìkà. Àwọn ọmọ tó gbàgbọ́ kọ̀ láti bá ẹbí bọ òrìṣà ilé. Bí wọ́n bá kú, àwọn ará ìjọ fẹ́ sin wọ́n bí Onígbàgbọ́, kì í ṣe bí àṣà ilé bàbá wọn. Ọmọbìnrin tí wọ́n ti fẹ́ sọ́nà fún ọkùnrin, ó ní òun ò ṣe mọ́. Àwọn babaláwo àti àwọn olórìṣà ń rí i pé àwọn tó ń mú ẹran ẹbọ wá ń dín kù. Àwọn tó ń ta ẹrú sí etíkun náà mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ àwọn oníwàásù bá múlẹ̀, òwò tiwọn parí. Èmi tí mo jẹ́ oníṣòwò mọ ohun tí ojú ènìyàn máa ń dà nígbà tí ọjà rẹ̀ bá ń kú.

Wọ́n mú wọn lọ sílé Ògbóni. Wọ́n nà wọ́n. Wọ́n gba ẹrù wọn, wọ́n bu owó ìtanràn lé wọn lórí. Wọ́n fi àbà kan ẹsẹ̀ wọn. Àwọn ọmọ wa lè má mọ àbà mọ́: igi ńlá tí wọ́n lu ihò sí ni, wọ́n á ti ẹsẹ̀ ènìyàn bọ̀ ọ́, wọ́n á tì í pa, ẹni náà á jókòó sójú kan, oòrùn ń pa á, òjò ń pa á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16, ìtàn Pọ́ọ̀lù àti Sílà ní túbú Fílípì, ẹ̀yin náà ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ àbà wà níbẹ̀. Orí yẹn ò tíì sí ní Yorùbá nígbà tí wọ́n fi àbà sẹ́sẹ̀ àwọn ará Abẹ́òkúta. Ìwé Róòmù tí Crowther túmọ̀ jáde ní 1850, ìyókù ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí orí 16 wá dé ọwọ́ wọn, kò sẹ́ni tó nílò láti ṣàlàyé àbà fún wọn. Ẹsẹ̀ wọn mọ̀ ọ́n.

Nínú ìwé Róòmù yẹn kan náà, orí karùn-ún, ni Pọ́ọ̀lù ti sọ̀rọ̀ ayọ̀ nínú ìpọ́njú. Mo máa ń fọkàn yàwòrán Crowther, àlùfáà tí àwọn ọmọ ìjọ ń jẹ pàṣán lẹ́yìn odi, tó jókòó ti iṣẹ́ ìtumọ̀, tó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó máa gbé ìrònú yẹn. Kò rọrùn láti kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹni tó máa kà á ṣì ń wú lára.

Gbogbo àwọn ìjòyè kọ́ ló fọwọ́ sí ìyà yẹn o. Ògúnbọ̀nà ará Ìkíjà jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọn oníwàásù. Ṣàgbùà náà, ìyẹn Òkukẹ́nù tó wá di Aláké àkọ́kọ́ l'Abẹ́òkúta ní 1854, kò kórìíra wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni ó rọlẹ̀.

Àmọ́ ibi tí ìtàn yìí ti mú mi gan-an ni ọdún 1851. Ní ọjọ́ 3 March, ogun Dàhòmì dé, Gẹ́zò ọba wọn ló rán wọn, tòun ti àwọn ọmọ ogun obìnrin tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù. Bí Abẹ́òkúta bá fọ́ lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn ló ń lọ sí oko ẹrú, ẹni tó ń na ènìyàn àti ẹni tí wọ́n ń nà. Àwọn Onígbàgbọ́ gbé ìbọn. Wọ́n dúró lórí odi ìlú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó fi àbà sí wọn lẹ́sẹ̀ ní ọdún méjì péré ṣáájú. Wọ́n lé ogun náà padà. Wọn ò ní kí ìlú tó nà wọ́n kú. Mo ti ronú sí èyí títí. Ẹni tí inú rẹ̀ kún fún ìbínú kò lè dúró lórí odi yẹn. Bóyá ohun tí mo ń pè ní ayọ̀ nìyẹn, mi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè fún un: kí wọ́n nà ọ́, kí o má sì di ẹni tó korò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ara tu wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Ìjọ ń pọ̀ sí i, ilé ìwé ń pọ̀ sí i. Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé, ní 1859 ó bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa. (Townsend yìí kan náà ni kò fẹ́ kí wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù lórí òyìnbó. Ènìyàn ni gbogbo wa. Wọ́n fi Crowther jẹ ẹ́ ní 1864 náà ni.)

Ọ̀rọ̀ ìjọba ló wá da gbogbo rẹ̀ rú. Ní August 1861 àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùmú. Ẹ̀gbá rí i, ó yé wọn pé ẹni tó gba Èkó lè gba Abẹ́òkúta. Glover tó ń ṣàkóso Èkó, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ọba Gólóbà, lé ọmọ ogun Ẹ̀gbá kúrò nídìí Ìkòròdú pẹ̀lú ìbọn ńlá ní March 1865. Ọdún yẹn kan náà ni G. W. Johnson, Sàró kan tó jẹ́ aránṣọ, dá ẹgbẹ́ ìṣàkóso Ẹ̀gbá sílẹ̀. Ó fẹ́ kí Ẹ̀gbá máa ṣèjọba ara wọn bí ìlú òyìnbó, kí wọ́n máa gba owó bodè tiwọn. Èmi ò kórìíra Johnson o, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọgbọ́n nínú. Ẹ fojú inú wò ó: ẹnì kan láti ìlú kejì ń kó ọlọ́pàá rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí ẹ ń pè ní tiyín, ó fẹ́ máa gba owó lójú ọ̀nà tí ọjà yín ń gbà. Ohun tí Glover ṣe ní 1867 nìyẹn. Inú bí àwọn ìjòyè. Glover wà l'Ékòó, apá wọn ò ká a. Ta ni apá wọn ká? Òyìnbó tó wà láàárín wọn, àti ọmọ tiwọn tó ń bá òyìnbó ṣe ìsìn.

Ọjọ́ Ìsinmi ni, ọjọ́ 13 October 1867. Àṣẹ ti jáde pé kò gbọdọ̀ sí ìsìn lọ́jọ́ náà. Àwọn ènìyàn ya lu ilé àwọn oníwàásù àti ilé ìsìn káàkiri Abẹ́òkúta, ti C.M.S., ti Mẹ́tọ́díìsì, ti Onítẹ̀bọmi. Wọ́n kó ẹrù, wọ́n fọ́ ohun tí wọn ò lè kó, wọ́n fa ìwé ya. Ìwé Ìròyìn parí síbẹ̀, kò jáde mọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Ìfọ́lé ni àwọn àgbà ń pè é títí dòní.

Àwọn òyìnbó ní ibi tí wọ́n lè lọ. Kí ni kí ọmọ Ẹ̀gbá tó jẹ́ Onígbàgbọ́ ṣe? Àwọn kan dúró, wọ́n ń pàdé pẹ̀lú àwọn pásítọ̀ tó jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwọn. Àwọn mìíràn, ọ̀pọ̀ wọn, palẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé ọmọ, wọ́n gbé ẹrù tó ṣẹ́ kù, wọ́n gba Èkó lọ. Glover fún wọn nílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, ó la títì sí i, ó pín in ní pulọ́ọ̀tì pulọ́ọ̀tì. Ibi tí wọ́n ń pè ní Àgọ́ Ẹ̀gbá nìyẹn. Lónìí, tí ẹ bá dé Èbúté Mẹ́ta, tí ẹ rí i pé títì rẹ̀ gún régé ju ti Ìsàlẹ̀ Èkó lọ, ọwọ́ àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé ló wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì St. Jude wà níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ rò ó wò. Ènìyàn tó ní ilé ní Aké, tó ní oko, tó mọ ibojì bàbá rẹ̀, tó wá di ẹni tó ń gé igbó ní Èbúté Mẹ́ta, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Èmi mọ ohun tí ó jẹ́ láti bẹ̀rẹ̀ láti òdo nílùú onílùú. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọdún àkọ́kọ́ mi ní Abuja, yàrá kan ni àwa mẹ́rin ń sùn. Ṣùgbọ́n èmi fẹsẹ̀ ara mi wá ni. Kò sẹ́ni tó fọ́ ilé mi.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan níbí, kí n má bàa jẹ́ alábòsí. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, onílé kan ní àdúgbò wa fún àwùjọ àdúrà wa ní ìwé kí a kúrò. Gbogbo wa ń pariwo inúnibíni, inúnibíni. Mo lọ bá bàbá náà jókòó. Ó ní òun ò bá Jésù jà, pé ẹ̀rọ agbóhùn wa ni kò jẹ́ kí òun sùn láti agogo mọ́kànlá alẹ́ dé agogo márùn-ún àárọ̀, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, fún ọdún kan àtààbọ̀. Ó sọ òótọ́. A dín ohùn rẹ̀ kù, bàbá náà ya ìwé rẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi àbà sí lẹ́sẹ̀ ní 1849 máa rẹ́rìn-ín wa.

Ibo ni ayọ̀ wá wà nínú ìtàn Ìfọ́lé? Àkọ́kọ́, ìjọ Abẹ́òkúta kò kú. Nígbà tí Townsend padà wá ní 1875, ìjọ ló bá. Kò sí òyìnbó kan láàárín wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn Yorùbá fúnra wọn ló gbé e ró. Ní 1877, ọmọ Sàró ni wọ́n fi ṣe alábòójútó rẹ̀, James Johnson tí wọ́n ń pè ní Holy Johnson. Òun náà bá wàhálà pàdé níbẹ̀, nítorí ó ní kí àwọn ọmọ ìjọ tó ní ẹrú tú wọn sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa: àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n ṣe inúnibíni sí náà ní ẹrú nílé. Ìnira kì í sọ ènìyàn di mímọ́ tipátipá.

Ìkejì ni orin. Nígbà Ìfọ́lé, ọmọdékùnrin kan wà tó ń lọ ọdún méjìlá, Josiah, ọmọ Ìgbẹ̀ìn. Ìyá rẹ̀, Anne Ẹ̀kìdán, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbàgbọ́ l'Abẹ́òkúta. Kí ọmọ náà tó gbọ́njú tán ló ti rí i kí wọ́n fọ́ ilé ìsìn. Ó dàgbà, ó di olùkọ́, ó di àlùfáà. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí J. J. Ransome-Kuti, bàbá I. O. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fela. Ohun tó gbé e níyì ni pé ó rí i pé orin tí a ń kọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ ohun mìíràn létí wa. Ẹ mọ̀ pé bí ohùn òyìnbó bá gun orí ọ̀rọ̀ Yorùbá, "ọkọ̀" lè di "ọkọ́", ẹni tó ń kọrin ọkọ̀ Nóà á wá máa kọrin nípa ohun tí a fi ń ro oko. Josiah mú ohùn orin ilé wa, ohùn tí ìyá àgbà fi ń kọrin lábẹ́ igi, ó fi ọ̀rọ̀ Kristi sí i. Ó di orin tí ènìyàn lè jó sí. Ní 1922, ó lọ sí London, ilé iṣẹ́ Zonophone gba orin tó lé ní ogójì sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọ kékeré nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n má ṣe ìsìn, òun ló ń kọrin sínú ẹ̀rọ ní London, ní èdè Yorùbá, ní ohùn Yorùbá.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà nígbà tí àwọn kan ń sọ pé ijó nínú ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ àìmọ̀kan àwọn tí kò ka ìwé ìròyìn. Ijó yẹn ní ìtàn.

Ó tún ku ibi kan tí mo gbọ́dọ̀ dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn mọ́ mi, nítorí ọmọ Áńgílíkà ni wọ́n bí mi. Nígbà tí àrùn ọ̀fìnkìn ńlá ọdún 1918 dé, àwọn kan nínú ìjọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, J. B. Ṣàdáré wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún ìwòsàn láìlo oògùn, wọ́n sì ní àwọn ò fara mọ́ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́. Ìjọ ò fẹ́ ẹ. Ní 1922 wọ́n bá ara wọn níta. Ní July 1930, ìsọjí ńlá ti Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń tú ilé òrìṣà wọn, wọ́n ń gbé omi wá fún àdúrà. Ẹ̀rù ba ìjọba òyìnbó, inú àwọn ìjọ àtijọ́ ò sì dùn. Ní 1932 wọ́n mú Babalọlá, wọ́n dá a lẹ́bi, ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin City. Ohun tí àwọn ará Abẹ́òkúta jẹ lọ́wọ́ Ògbóni, àwọn Aládùúrà jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ìjọba tó ń pe ara rẹ̀ ní ti Kristi, àwọn àlùfáà kan sì ń wò wọ́n níran. Bàbá tèmi máa ń fi Aládùúrà ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé Babalọlá ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Lẹ́yìn tó jáde, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń bá a lọ títí ó fi kú ní 1959.

Ìyá tó jó ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012 yẹn ti lọ sílé báyìí, wọ́n gbé e lọ sin sí ìlú rẹ̀. Ọjọ́ tí a ṣe ìsìn ìdágbére fún un ní Kubwa ni mo wá mọ̀ pé Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n bí i sí. Mi ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ó ti pẹ́ jù báyìí. Ẹ̀yin tí bàbá ńlá yín wá láti Àgọ́ Ẹ̀gbá, tàbí tí ìyá àgbà yín sọ ìtàn Ìfọ́lé fún yín rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ síbí kí a kà á, bó ti wù kó kéré mọ. Pàápàá ẹni tó bá mọ orin tí wọ́n ń kọ lójú ọ̀nà.